Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Lẹ́nu Blossom: Orlando Martins nínú Sinimá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1945 sí 1955

Nínú sinimá The Hasty Heart, tí Vincent Sherman darí ní 1949, ọmọ-ogun mẹ́fà ni ó wà nínú yàrá kan ní ilé-ìwòsàn ológun ní Bọ́mà. Ọ̀kan wá láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Ọsirélíà, ọ̀kan láti New Zealand, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ẹni tí ó sì dé kẹ́yìn jẹ́ ọmọ Skọ́tílàǹdì. Ẹnu àwọn márààrún kì í dákẹ́: wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn. Ẹnì kẹfà ni ọkùnrin dúdú kan tí wọ́n ní ọmọ Basuto ni. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè sọ tí yóò yé àwọn yòókù, orúkọ tí wọ́n ń pè é sì ni ọ̀rọ̀ náà: Blossom.

Orlando Martins, ẹni tí ó kó ipa yìí, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Èkó ni, ó sì ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ́nù kí sinimá náà tó jáde. Bí àwọn tí ó ń kọ ìtàn sinimá Nàìjíríà bá dárúkọ rẹ̀, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò: òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di gbajúmọ̀ òṣèré lókè òkun. Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, wọn a kọjá sí orí ọ̀rọ̀ Ògúndé. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò fẹ́ kí a yìn ín rárá, nítorí pé lójú tiwọn ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àwọn amúnisìn láti fi ṣe ẹ̀sín Áfíríkà. Ìyìn àti ẹ̀gàn wọ̀nyí jọra ní ọ̀nà kan: kò sí èyí tí ó wo eré tí ọkùnrin náà ṣe. Ọdún mẹ́wàá tí ó wà láàárín 1945 àti 1955 ni a ti lè rí eré náà dáadáa. Àkókò yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àwọn ipa tí ó lórúkọ jù lọ, àkókò yẹn náà ni wọ́n sì fi ààlà sí ibi tí ó lè dé. Ohun tí ó fi àyè tóóró yẹn ṣe ni ó yẹ kí lámèyítọ́ gbé yẹ̀ wò.

Oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni wọ́n bí i ní Èkó. Orúkọ ìdílé rẹ̀ fi hàn pé Àgùdà ni wọ́n, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wálé lẹ́yìn oko ẹrú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó ṣiṣẹ́ adáná nínú ọkọ̀ ojú omi Mauretania. Ní 1919 ó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ́nù. Àwọn iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀ kí òwò eré tó gbà á kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu. Ó ru ẹrù ní ọjà ẹja Billingsgate. Ó bá ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì rìn, ó ń fi ejò dá àwọn ènìyàn lára yá. Ó ja ìjàkadì lábẹ́ orúkọ Black Butcher Johnson. Ara rẹ̀ ni ó ń tà ju ohùn rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mú un mọ́ àwọn akọrin eré Show Boat. Iṣẹ́ kíkọ́ ni gbogbo èyí jẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ajàjàkadì mọ bí a ti í dúró tí ojú àwọn òǹwòran kò fi ní kúrò lára ẹni. Ẹni tí ó ń gbé ejò mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni jìnnìjìnnì ṣe ń bo àwùjọ.

Kí ogun kejì tó dé, ó ti fara hàn nínú Sanders of the River ní 1935, sinimá tí Zoltan Korda darí, tí Paul Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ pé òun ṣe. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó wà pẹ̀lú Robeson lórí ìtàgé Westminster nínú eré tí C. L. R. James kọ nípa Toussaint L'Ouverture, olórí àwọn ẹrú tí ó dìde ní Haiti. Ó yẹ kí a fi eré ìtàgé yìí sọ́kàn. Níbẹ̀, àwọn ọkùnrin dúdú ni ó ń jiyàn lórí òmìnira ara wọn, tí wọ́n ń gbèrò, tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe, tí wọ́n sì ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Martins mọ̀, nígbà náà, bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rí. Sinimá kò fún un ní irú rẹ̀.

Ọdún 1945 dé, ogun parí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti erékùṣù Káríbíánì pàdé ní Manchester níbi Àpérò Káríayé fún Áfíríkà, wọ́n sì béèrè òmìnira láìfi ọ̀rọ̀ bọ abẹ́ ahọ́n. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni Martins. Ní ọdún yìí kan náà ó wà nínú The Man from Morocco, ìtàn àwọn tí ó jagun ní Sípéènì tí wọ́n sì kó lọ ṣe iṣẹ́ tipátipá lórí ojú irin aṣálẹ̀ Sàhárà. Anton Walbrook ni òṣèré gbòógì inú rẹ̀. Ipa tí ó mú ojú àwọn ènìyàn wà lára Martins kò tíì dé.

Men of Two Worlds ni ó mú un dé. Thorold Dickinson ni ó darí rẹ̀, sinimá aláwọ̀ sì ni, ní àkókò tí sinimá aláwọ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ti ètò náà lẹ́yìn láti ìgbà ogun, nítorí wọ́n fẹ́ fi han aráyé pé ìṣèjọba amúnisìn ti ní ojú tuntun, pé alábàáṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ jẹ́ fún ọmọ Áfíríkà, kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Ó jáde ní 1946. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Kisenga, ọmọ Tanganyika tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Lọ́ńdọ́nù, tí ó ti di atẹdùùrù àti olùṣẹ̀dá orin, padà sílé láti ran àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́. Eṣinṣin tsetse ń gbé àìsàn bọ̀ wá bá abúlé Marashi, irú àìsàn tí ó ń mú ènìyàn sùn títí dójú ikú. Ajẹ́lẹ̀, tí Eric Portman ṣe, fẹ́ kó àwọn ará abúlé lọ sí ibòmíràn. Magole kò gbà. Robert Adams, ọmọ Guyana, ni ó ṣe Kisenga. Martins ni ó ṣe Magole.

Ìwé eré pe Magole ní witch doctor. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá kọ́kọ́ dúró lé. Yorùbá mọ babaláwo, ó mọ oníṣègùn, ó mọ adáhunṣe, ó mọ oṣó, ó mọ àjẹ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ti oníkálukú, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ń wonisàn àti ẹni tí ń ṣeni léṣe kì í jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kó gbogbo wọn sínú àpò kan, ó sì so ẹnu àpò náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ipa tí wọ́n gbé lé Martins lọ́wọ́ kì í ṣe ti ènìyàn kan pàtó láti ìlú kan pàtó. Ẹ̀rù tí ojú aláwọ̀ funfun ti yà sọ́kàn ni, tí wọ́n wá wọ̀ ní aṣọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù rí i bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1925, kọ̀wé ẹ̀hónú lórí rẹ̀. Wọ́n ní sinimá náà yóò tàbùkù sí ọmọ Áfíríkà lójú ayé. Ẹjọ́ wọn kò ṣòro láti gbà.

Síbẹ̀, bí a bá fi ẹjọ́ WASU sí apá kan tí a wo bí a ṣe hun ìtàn náà, ohun àjèjì kan yóò yọjú. Bí Magole bá jẹ́ ẹlẹ́tàn lásán, sinimá náà wó. Kisenga kì í ṣe ọmọ abúlé tí kò rìn rí. Ó ti tẹ dùùrù níwájú àwùjọ ní Lọ́ńdọ́nù, ó ti gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn òyìnbó gbọ́. Magole sọ fún un pé yóò kú, ó sì dùbúlẹ̀, ó ń kú lọ. Kí òǹwòran tó lè gba èyí gbọ́, ó gbọ́dọ̀ rí nínú Magole agbára tí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Lọ́ńdọ́nù kò lè dí lọ́nà. Ìwé eré kò pèsè agbára yẹn. Ìkìlọ̀ àti ìhàlẹ̀ ni ó pèsè. Ara Martins ni ó pèsè rẹ̀, gíga rẹ̀, ohùn rẹ̀ tí ó ń ti ìsàlẹ̀ àyà wá, àti bí ó ti mọ̀ pé ẹni tí ó ní agbára kì í kánjú. Adams ń ṣe ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, ó sì ń ṣiṣẹ́ kára láti fi ìpín yẹn hàn. Martins kò pín. Àwọn ìgbà tí àwọn méjèèjì bá jọ wà lójú kan, ẹni tí ìtàn fẹ́ kí a kórìíra ni ojú ń bá lọ.

Bí Kisenga ṣe yè tún ṣe pàtàkì. Oògùn dókítà òyìnbó kọ́ ni ó jí i dìde. Àwọn ọmọdé abúlé ni wọ́n kọ orin tí Kisenga fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá sí i létí, orin náà sì fà á padà. Àwọn tí ó ṣe sinimá náà gbà pé èyí túmọ̀ sí ìṣẹ́gun ọ̀làjú lórí òkùnkùn. Ẹni tí ó bá dàgbà níbi tí wọ́n ti ń pe ọfọ̀ kò lè kà á bẹ́ẹ̀. Ohùn ni Magole fi dá ikú lé Kisenga. Ohùn ni wọ́n fi gbé ikú náà kúrò. Ọ̀rọ̀ ni ó pàdé ọ̀rọ̀, èyí tí ó lágbára jù sì borí. Sinimá tí wọ́n ṣe láti fi bẹnu àtẹ́ lu ìgbàgbọ́ Magole wá parí sórí ohun tí Magole gbàgbọ́. Kò dájú pé Dickinson pète rẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé kì bá má ṣeé rí rárá bí ó bá jẹ́ pé òṣèré tí kò ní ìwọ̀n ni ó wà ní ipò Magole. Nígbà tí sinimá náà dé Amẹ́ríkà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Kisenga, Man of Africa ni ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ó jẹ́ níbẹ̀. Èkejì ni Witch Doctor. Oníṣòwò mọ ohun tí ó ń tà: ó ti orúkọ Adams kúrò lójú pátákó, ó fi ti Martins sí i, àmọ́ orúkọ ẹ̀gàn tí ìwé eré fún un ni ó lò.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e mú The End of the River wá, tí Derek Twist darí fún ilé-iṣẹ́ Michael Powell àti Emeric Pressburger. Sabu, ọmọ Íńdíà, ni ó ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Amazon nínú rẹ̀, wọ́n sì ya púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Brazil. Ipa Martins kò tóbi. Ìtàn náà kò sì mọ̀ pé orúkọ ilé baba rẹ̀ ti ilẹ̀ yẹn wá.

The Hasty Heart ni ó yẹ kí a pẹ́ lé lórí. John Patrick, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ fún orí ìtàgé, Martins sì ti ṣe Blossom lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ́nù kí ó tó ṣe é nínú sinimá. Èyí ṣàlàyé ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ó wà nínú eré rẹ̀, nítorí kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ó dà bí ìdánwò. Richard Todd ni ó ṣe Lachie, ọmọ Skọ́tílàǹdì. Ipa yìí ni wọ́n fi dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar. Ronald Reagan, tí ó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ni ó ṣe Yank, Patricia Neal sì ni nọ́ọ̀sì. Lachie ń kú lọ, kò mọ̀. Àwọn yòókù mọ̀, dókítà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n onígbèéraga ni Lachie. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ bí a kì í ti í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ìgbà tí ó wá mọ̀ pé òun yóò kú, tí ó sì mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, gbogbo oore wọn di àánú lójú rẹ̀, ó sì kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Blossom na ìlẹ̀kẹ̀ kan sí i. Ó kọ ìyẹn náà.

Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti yí. Wọ́n ní kí Lachie ronú: Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé Lachie ń kú. Nítorí náà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò lè jẹ́ ti àánú. Ọ̀rẹ́ ni ó fẹ́ bá a ṣe, kò sí ohun mìíràn nídìí rẹ̀. Ìgbéraga Lachie wó lulẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Àbọ̀ pàápàá kò sí lẹ́nu Blossom. Ìṣòro tí ó wà níwájú òṣèré ni pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí ọ̀rọ̀ ti ń fò lókè orí rẹ̀ fún bí wákàtí kan ààbọ̀, kí ó má sì di àga tàbí ìbùsùn. Bí ó bá ń ṣe ojú àti ọwọ́ jù, ó di aláwàdà. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, òǹwòran yóò gbàgbé rẹ̀, tí ó bá sì di ọ̀ràn ìlẹ̀kẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò bìkítà. Martins rí ọ̀nà kan láàárín méjèèjì. Ó ń tẹ́tí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kì í ṣíwọ́ títẹ́tí. Ohùn ni ó ń gbọ́ dípò ọ̀rọ̀, ó ń mọ̀ bóyá ìjà ni tàbí eré. Bí ìjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn márùn-ún, ojú rẹ̀ ni ó máa ń sọ fún òǹwòran bí nǹkan ti le tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọkùnrin tí ó ti Èkó dé Lọ́ńdọ́nù ní 1919 kò ní láti wá èyí lọ jìnnà.

Kò yẹ kí ẹwà eré yìí mú wa gbójú fo ohun tí ìwé eré ń ṣe. Ìwé eré nílò àìgbédè Blossom. Bí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yóò di àánú bíi ti àwọn yòókù, ìtàn kò sì ní rí ibi yí sí. Òpó tí ó gbé òrùlé ró ni àìmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà tí kò mọ nǹkan kan ni ó mú aláwọ̀ funfun padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí Blossom náà fẹ́, tàbí ọgbẹ́ wo ni ó gbé e dé ilé-ìwòsàn. Magole mọ nǹkan jù, nítorí náà ìkà ni. Blossom kò mọ nǹkan kan, nítorí náà ẹni rere ni. Láàárín ọ̀tá tí ó gbọ́n àti ọ̀rẹ́ tí kò gbédè, kò sí ipò kẹta tí àwọn tí ó ń kọ eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní fún un.

Ọ̀rọ̀ Bọ́mà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó jà níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Arakan, orúkọ bárékè àwọn sójà ní Àpápá, láti ojú ogun yẹn ni ó ti wá. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní 1944, àwọn ará abúlé kan sì fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí àwọn ọ̀tá má bàa rí i. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara. Bíyìí Bándélé wá lo irú ìrírí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Burma Boy ní 2007, níbi tí ẹnu àwọn ọmọ-ogun dúdú kò ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1949, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó padà láti Bọ́mà ṣì wà ní ọ̀dọ́ ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Orí ìbùsùn tí ó yẹ kí wọ́n gbé irú Fádóyèbọ̀ sí ni wọ́n gbé Blossom sí, wọ́n ní ọmọ Basuto ni, wọ́n sì wá mú ọmọ Yorùbá kan láti ṣe é.

Lẹ́yìn The Hasty Heart, ojú àwọn onísinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí sí Kẹ́ńyà. Harry Watt mú Martins fún Where No Vultures Fly ní 1951, èyí tí wọ́n yàn láti fi han ìdílé ọba ní ọdún yẹn, ó sì tún mú un fún West of Zanzibar ní 1954. Anthony Steel ni akọni méjèèjì. Erin, kìnnìún àti òkè ni ojú kámẹ́rà wà lára wọn. Àwọn ènìyàn dúdú wà níbẹ̀ bí igi ti wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Martins ti mọṣẹ́ tó kò ní jèrè púpọ̀ nínú wọn.

Simba, tí Brian Desmond Hurst darí ní 1955, yàtọ̀. Ogun Mau Mau ni ìtàn rẹ̀ dá lé lórí, nígbà tí ogun náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Dirk Bogarde ni aláwọ̀ funfun tí ó wá sí oko arákùnrin rẹ̀. Earl Cameron, ọmọ Bermuda, ni ó ṣe Dókítà Karanja. Martins ni olórí abúlé, baba dókítà yìí. Nígbẹ̀yìn ni àṣírí tú pé baba náà wà nídìí àwọn ajàjàgbara. Ọmọ fẹ́ wo àwọn ènìyàn sàn. Wọ́n pa á níbi tí ó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìtàn Kisenga àti Magole ni èyí, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i. Ọ̀mọ̀wé dúdú tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó dé dojú kọ àgbàlagbà tí kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá, Martins ṣì wà lójú kan náà. Ohun tí ó yí padà ni orin: ní 1946 orin àwọn ọmọdé gba Kisenga là, ní 1955 kò sí orin kankan fún Karanja. Ìgboyà tí ìjọba amúnisìn fi ti Men of Two Worlds lẹ́yìn ti tán. Òṣèré kan náà tí ó wà nínú méjèèjì ni ó jẹ́ kí a lè fi wọ́n wọn ara wọn, ìwọ̀n náà sì fi ohun kan hàn tí àwọn olùdarí kò pète: olórí abúlé inú Simba ní ìdí tí ó fi ń jà. Ilẹ̀ ni. Magole kò ní ìdí kankan àfi ìkà. Ìwé eré Simba kò fún baba náà láàyè láti ro ẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Martins kò ṣe é bí ìkà. Ó ṣe é bí baba. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ìrora tí ó wà láàárín baba àti ọmọ wọni lára ju gbogbo ìbọn inú sinimá náà lọ, tí ìfẹ́ tí Bogarde ń bá Virginia McKenna ṣe sì dà bí ìtàn tí ó ṣìnà wọlé.

Ó rọrùn láti fi Cameron gún un lójú. Cameron kéré sí i ní ọdún méjìdínlógún; Pool of London ti fún un ní 1951 ní ohun tí Martins kò rí gbà rí, ìyẹn ọ̀dọ́kùnrin dúdú tí ó ń rìn ní ìgboro Lọ́ńdọ́nù, tí ó lè fẹ́ràn ènìyàn, tí ó sì lè ṣàníyàn. Láti ìgbà yẹn, ipa ọ̀mọ̀wé àti ọ̀làjú di ti Cameron, ipa àgbà ìlú, olórí àti ìránṣẹ́ di ti Martins. Ọjọ́ orí wà lára rẹ̀. Ara tí ó ti fi ja ìjàkadì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó mú un wọlé ni ó dí i mọ́lé.

Ní ọdún wọ̀nyí kan náà, Hubert Ògúndé ń gbé eré káàkiri Nàìjíríà. Strike and Hunger, tí ó dá lórí ìyanṣẹ́lódì 1945, mú un kan ọlọ́pàá ní Jọ́ọ̀sì, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ọkàn lè fẹ́ fi ọ̀kan gbé èkejì ṣubú: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nílé tí wọ́n sì ń dí i lẹ́nu, èkejì wà lókè òkun tí wọ́n ń sanwó fún un kí ó dákẹ́. Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ kò ṣe òtítọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ògúndé ní àwùjọ tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, òun ni ó ń kọ eré rẹ̀. Martins kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òṣèré tí ó ń gba iṣẹ́ kì í yan ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sí i lẹ́nu. Bí ó ti wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì nìkan ni ó lè yàn.

Lẹ́yìn 1955 iṣẹ́ kò dúró. Ó wà nínú Sapphire àti The Nun's Story ní 1959, ó wà nínú Sammy Going South ní 1963. Àyè tí ó ní kò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni àádọ́rin ọdún ni kí ó tó ṣe sinimá tí ọmọ Nàìjíríà kọ, tí ọmọ Nàìjíríà sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀: Kongi's Harvest, 1970, tí Francis Ọládélé gbé jáde, tí Ossie Davis láti Amẹ́ríkà darí, tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi. Dókítà Gbénga ni wọ́n pe Martins nínú rẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe Obierika nínú sinimá tí wọ́n fà yọ láti inú Things Fall Apart, ìyẹn ọ̀rẹ́ Okonkwo tí ó máa ń ro nǹkan wò kí ó tó sọ ọ́. Ó kú ní Èkó ní 1985. Ìwé tí Takiu Fọ́lámí kọ nípa rẹ̀ ní 1983 sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Eré ṣíṣe rẹ̀ gan-an ni kò tíì rí ẹni tí yóò jókòó tì í, láti ojú ìran dé ojú ìran, bí a ti ń jókòó ti ewì. Blossom ni ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí Lachie ti kọ́kọ́ wọ inú yàrá náà, nígbà tí ẹni mẹ́rin ń wo àlejò, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń tẹ́tí sí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀.